Ṣé 1.b4 tó ohun tí èèyàn ń fi àsìkò kọ́, àbí eré ọ̀bọ lásán ni?

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọ̀ta. Ìbéèrè kan ló gbé mi dé.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, e4 nìkan ni mo sì mọ̀, ìyẹn kí n ti ọmọ ogun iwájú ọba síwájú ní ojú méjì (lẹ́tà a dé h ni ìlà òró ọpọ́n, 1 dé 8 ni ìlà ìbú). Àwa mẹ́fà la máa ń jókòó nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn ọjà Ouando, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń dín àkàrà. Wọ́n ti mọ̀ mí débi pé kí n tó fọwọ́ kan ọmọ ogun mi, ẹni tó jókòó níwájú mi ti ń nawọ́ sí tirẹ̀. Ìdíje kékeré kan ń bọ̀ ní ìparí oṣù, àwa mẹ́rìndínlógún, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ da ọ̀nà rú mọ́ wọn lójú.

Mo wá rí 1.b4. Èèyàn á ti ọmọ ogun tó wà níwájú ẹṣin apá òsì síwájú ní ojú méjì, lẹ́yìn náà ni fou á jókòó sí b2, á máa wo ọpọ́n dábùú láti ibẹ̀ títí dé g7, níbi tí ọba dúdú sábà máa ń sá sí. Báyìí ni mo rí i tó ń lọ: 1.b4 e5 2.Fb2 Fxb4 3.Fxe5. (x ni jíjẹ.) Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní ayò náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òpè ló ń fi etí ọpọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?

Ọ̀ta_Mushin

Kí ni Fb2? F wo ló wà nínú ṣẹ́ẹ̀sì?

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Èdè Faransé la fi kọ́ ọ níbí. F ni fou, ohun tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní bíṣọ́ọ̀bù. Ìtumọ̀ fou gan-an ni wèrè. C ni ẹṣin, T ni ilé ìṣọ́, D ni ayaba, R ni ọba.

Ọ̀ta_Mushin

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ẹ̀yin wá lọ pe odindi bíṣọ́ọ̀bù ní wèrè! 😂

Ó dáa, ẹ gbọ́ tèmi. Má ta b4, àbúrò. Àárín ọpọ́n ni ọjà wà. Ẹṣin tó dúró ní àárín rí ojú mẹ́jọ fò sí. Èyí tó wà létí ọpọ́n, mẹ́rin tàbí mẹ́ta ló kù fún un. Èyí tó há sí kọ̀rọ̀, méjì péré. Kí wá ni b4 ń ṣe ní àárín? Kò sí. a5 àti c5 ló ń ṣọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò sì lẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Kí dúdú kàn ti e5 báyìí, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ń wò ó láti f8 bí ajá tó rí eegun. Funfun ló kọ́kọ́ ń ta, àǹfààní tí Ọlọ́run fún un nìyẹn, ìwọ fẹ́ lọ fi ra ẹ̀pà.

Ìdẹ́nà_Kétu

Ẹ rọra, ará Mushin. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ta b4 ní Kétu níbí, wọn ò tíì lé mi kúrò nílùú.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ rẹ̀, nítorí ẹni tó kọ "eré ọ̀bọ" sókè yẹn kò mọ bí òun ṣe súnmọ́ òótọ́ tó. Ní 1924, ìdíje ńlá kan wáyé ní New York. Lasker, Capablanca àti Alekhine, àwọn ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ayé, wà níbẹ̀, Lasker ló sì gbégbá orókè. Savielly Tartakower náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n lọ wo àwọn ẹranko ní Bronx. Tartakower dúró lọ́dọ̀ ìnàkí kan báyìí, orangutan, Susan lorúkọ rẹ̀, ó ní òun bi í léèrè ohun tí òun máa fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jókòó ti Géza Maróczy, b4 ló ta. Ó ní bí ọmọ ogun yẹn ṣe ń gun b4 lọ sí b5 jọ bí ẹranko náà ṣe ń gun igi. Báyìí ni orangutan ṣe di orúkọ rẹ̀ títí dòní. Maróczy ló jẹ ayò náà, n ò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n b4 kọ́ ló pa Tartakower. Ipò rẹ̀ dáa nígbà tó jáde nínú ìbẹ̀rẹ̀. Iwájú ló ti ṣubú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ Soviet kan, Alexey Sokolsky, mú un ní ọ̀rọ̀ gidi, ó kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1963. Ìdí nìyẹn tí àwọn míì fi ń pè é ní Sokolsky.

Ó yá, ẹ wá wo ohun tó wà nínú rẹ̀. 1.b4 e5, bíṣọ́ọ̀bù (ẹ jẹ́ n pè é bẹ́ẹ̀ nítorí ará Mushin) lọ sí b2. Dúdú jẹ b4, ìwọ náà jẹ e5. Ìṣirò ọjà ni: ọmọ ogun b tó jẹ́ ará ẹ̀gbẹ́ lo fi ra ọmọ ogun e tó jẹ́ ará àárín. Ka àwọn tó kù. Ìwọ ní d àti e, òun ní d nìkan. Ìlà b ti ṣí fún ọ, ilé ìṣọ́ rẹ lè lọ dúró sí b1 kó máa tẹ b7 mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tó ń pariwo àárín, ta ló wá ní àárín níbẹ̀ yẹn?

Ṣùgbọ́n ọjà ò sí láìsí owó, àsìkò ni owó rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ ti rìn lẹ́ẹ̀mejì, òun nìkan ló sì jáde nílé. Dúdú ní tirẹ̀ ti gbé bíṣọ́ọ̀bù síta, ẹṣin rẹ̀ ń bọ̀ ní f6, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin ọba rẹ̀ lè ti wọlé sùn. Ọba tìrẹ ṣì wà ní gbangba. Nítorí náà, lẹ́yìn ẹṣin f6, c4 tàbí ẹṣin f3 ni kí o ta, lẹ́yìn náà e3, bíṣọ́ọ̀bù kejì sí e2, fi ọba pamọ́. Má jẹ nǹkan kan. Má lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lè ní sùúrù ìṣísẹ̀ márùn-ún yẹn, ayò gidi ló bá dé.

Pańpẹ́ kékeré kan tún wà níbẹ̀. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù rẹ bá jẹ e5, g7 ló ń wò. Dúdú tó bá ń sùn á gbé ẹṣin sí c6 kó lè lé e. Jẹ g7. Ilé ìṣọ́ h8 ò ríbi sá sí.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ̀ṣọ́_Ọba

Ṣé g4 náà dáa? Mo rí i lórí fídíò, ọ̀gbẹ́ni yẹn ń jẹ gbogbo èèyàn.

Ọ̀ta_Mushin

Inú fídíò kọ́ ni gbogbo èèyàn ti ń jẹ gbogbo èèyàn?

g4 yàtọ̀ sí b4 pátápátá. Mo lè bá bàbá Kétu jiyàn lórí b4 títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n Stockfish, ẹ̀rọ tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí fóònù mi, sọ pé b4 kàn fún dúdú ní díẹ̀ ni, díẹ̀ tí èmi àtìwọ ò lè rí lójú. Tó bá di g4, bí ẹni tó ti sọ odindi ọmọ ogun kan nù ló ń kà á. Ìwọ wò ó: ògiri tí ọba fẹ́ sá sí ẹ̀yìn rẹ̀ lo wó lulẹ̀ níjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Kí o tún lọ fi f3 kún un, ayaba dúdú á wọ h4, ọba kú nìyẹn ní ìṣísẹ̀ méjì. Kò sí ikú tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ṣẹ́ẹ̀sì.

Ìdẹ́nà_Kétu

Òótọ́ ló sọ. Henri Grob, ará Switzerland, ló sọ g4 di tirẹ̀, pańpẹ́ rẹ̀ sì dùn ún wò: 1.g4 d5, bíṣọ́ọ̀bù sí g2, dúdú jẹ g4, funfun ti c4. Bí dúdú bá tún jẹ c4, bíṣọ́ọ̀bù g2 á fò jẹ b7, ilé ìṣọ́ a8 ti há. Ṣùgbọ́n kí dúdú má ṣe wọ̀bìà, kó kàn ti c6, kí lo kù tí o máa sọ? Ẹ̀gbẹ́ tí ọba rẹ kò ní lọ ni b4 ṣí. Ẹ̀gbẹ́ tí ọba rẹ fẹ́ sùn sí ni g4 ṣí. Ní Kétu a ní Àkábà Ìdẹ́nà, ẹnu ọ̀nà ìlú tí wọ́n fi ilẹ̀kùn há ogun mọ́. N ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan wó o kó lè rí ọ̀tá dáadáa.

Tíṣà_Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Ṣábẹ̀ẹ́. Páálí la fi ṣe ọpọ́n wa, ìdérí ìgò la fi ṣe ọmọ ogun, ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún funfun, ti bíà fún dúdú (ẹ má bi mí ibi tí mo ti rí ti bíà). Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni, n kì í gba b4 láyè fún ẹni tí kò tíì lo ọdún méjì. Kì í ṣe pé ó burú. Ohun tó ń fi kọ́ ọmọ ló ń dà mí láàmú. Ọmọ tó bá ti rí i pé òun jẹ ilé ìṣọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀la ó tún fẹ́ jẹ ẹ́, kò ní kọ́ nǹkan míì mọ́. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó rí àwọn àgbà tó ń ta ọmọ ogun ẹ̀gbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta a4 àti h4 pọ̀, ó ní òun fẹ́ kí ilé ìṣọ́ òun méjèèjì "rí afẹ́fẹ́". Bíṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọbìnrin ló ń jẹ wọ́n bí ẹni ń ṣa àgbàdo.

Àwọn ọ̀gá pàápàá ń jìyà ẹ̀gbẹ́. Ẹ rántí Belgrade, 1970, nígbà tí Soviet kojú gbogbo ayé tó kù. Bent Larsen ló jókòó sí ọpọ́n kìíní fún gbogbo ayé, kódà Fischer jókòó tẹ̀ lé e. Larsen fi b3 bẹ̀rẹ̀ sí Spassky, ọ̀gá Soviet. Ìṣísẹ̀ 17 ló parí! Spassky fi ilé ìṣọ́ rẹ̀ rúbọ ní h1, ọmọ ogun g rẹ̀ ń sáré bọ̀ bí oní zẹ́mì (ọlọ́kadà) tó gbọ́ pé èrò wà níwájú. Larsen yẹn kì í ṣe òpè o.

Kò_Sí_Wàhálà

Màmá, ṣùgbọ́n Karpov náà jẹun ẹ̀gbẹ́! Skara, ní Sweden, 1980. Karpov ni ọba ayé nígbà náà, ó ta e4, Tony Miles dá a lóhùn pẹ̀lú a6, ìyẹn ọmọ ogun tó jìnnà jù lọ, ó tún fi b5 lé e. Miles ló jẹ.

Tíṣà_Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ wá Miles kan fún mi kí n gbà á síléèwé.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé pẹ̀lú ayọ̀! Lánàá mo ta á sí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa zẹ́mì. b4, ó wò mí, ó ní "Kí lèyí?" e5. Fb2. Ó jẹ b4. Mo jẹ e5. Ó sì gbé ẹṣin sí c6 bí bàbá Kétu ṣe wí gẹ́lẹ́! Mo jẹ g7. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó bú mi, ó na ayaba rẹ̀ sí g5, mo jẹ ilé ìṣọ́ h8. Ìyá alákàrà fún mi ní àkàrà kan lé nígbà tó gbọ́ ariwo. Ìdíje di ọ̀la.

Ọ̀ta_Mushin

Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ń wa zẹ́mì ò ráyè wo g7, ojú pópó ló ń wò.

Ìdẹ́nà_Kétu

Àbúrò, ẹni tó bá ta ẹṣin sí f6 lọ́la, kí lo máa ṣe? Dáhùn kí o tó sùn.

Ẹ̀ṣọ́_Ọba

Kò dáhùn o.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Mo ti dé. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kíákíá kó lè kúrò lára mi.

Ayò mẹ́rin ni mo ta. Mo jẹ méjì, ọ̀kan di ọ̀mì, mo pàdánù ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo mú funfun, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo ta b4. Àkọ́kọ́ lọ dáadáa: ẹni yẹn ta d5 dípò e5, a tò, a ń tì í, fou mi lórí b2 ṣiṣẹ́ títí alẹ́ fi lẹ́, ó sọ ẹṣin kan nù nígbà tí aago ń lé e.

Èkejì ni wàhálà. Ọmọ kan ni wọ́n fún mi, kò lè ju ọdún mẹ́tàlá lọ, ó wọ bàtà bọ́ọ̀lù. 1.b4 e5 2.Fb2 Fxb4 3.Fxe5 Cf6. Bàbá, mo rántí pé ẹ ní kí n má jẹ nǹkan kan. Mo rántí o! Ṣùgbọ́n ẹṣin yẹn wà níwájú fou mi, mo ní tí mo bá jẹ ẹ́ ọmọ yìí á dàrú. 4.Fxf6 Dxf6. Ìgbà tí ayaba rẹ̀ balẹ̀ sí f6 ni mo tó rí i pé a1 ló ń wò, ilé ìṣọ́ mi. Mo ní kí n ti d4 dí i. Ọmọ náà rọra gbé ojú sókè, ó ní "Tonton (ẹ̀gbọ́n), ọba yín." Ọmọ ogun d kò lè kúrò! Fou rẹ̀ ń bẹ ní b4, ọba mi ló wà lẹ́yìn ọmọ ogun yẹn. Mo dá a padà. Àánú ló ṣe mí, kò fi ẹ̀sùn kàn mí. Mo wá gbé ẹṣin sí c3. Fxc3. dxc3. Dxc3, ọba jẹ ṣẹ́ẹ̀kì, ilé ìṣọ́ há. Mo fi ayaba dí i ní d2, ó jẹ a1, ṣẹ́ẹ̀kì míì. Mo na ọwọ́ sí i, mo túúbá. A ò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọ̀ta_Mushin

N ò sọ nǹkan kan. Ẹ rí i pé n ò sọ nǹkan kan.

Ìdẹ́nà_Kétu

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n jẹ́ ká wò ó dáadáa, àṣìṣe méjì ni. Jíjẹ ẹṣin ni àkọ́kọ́: bíṣọ́ọ̀bù tí o tìtorí rẹ̀ ta b4 lo fi sílẹ̀, o tún fa ayaba rẹ̀ wá sí ibi tó dáa jù fún un. Síbẹ̀ o ò tíì kú nígbà náà. c3 ló yẹ kí o ta. Ọmọ ogun c lọ sí c3, ó dí ojú ayaba, ó sì ń lé bíṣọ́ọ̀bù b4. Bí ó bá jẹ c3, ẹṣin b1 rẹ á jẹ ẹ́, ọmọ ogun d wà lẹ́yìn ẹṣin yẹn. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá sá sí c5, f2 ló ń wò pẹ̀lú ayaba, kí o ti e3, ayò ń lọ. Kò dùn, ṣùgbọ́n o wà láàyè. Ìgbà tí o gbé ẹṣin kúrò ní b1 lo já òpó tó gbé c3 ró.

Ta àkọ́kọ́ yẹn lórí ọpọ́n nísinsìnyí, ìgbà mẹ́wàá. 4.c4, e3, kí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n.

Tíṣà_Ṣábẹ̀ẹ́

Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti mọ b4 tẹ́lẹ̀ ni?

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Mo bi í, màmá, nígbà tí a ń to ọpọ́n padà. Ó ní rárá, òun ò rí i rí. Ó ní òun rí ọmọ ogun tí kò lẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, òun jẹ ẹ́. Òun gbé ẹṣin síbi tí òun máa ń gbé e sí. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́, òun wá ẹni tí kò lólùṣọ́ lọ́dọ̀ mi. Ó tán.

Ohun tó ń ta mí lára nìyẹn. Mo ti rò pé yóò yà á lẹ́nu. Kò ní nǹkan kan lórí tí b4 lè dà rú! Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ti há e4 sórí ni ó ń dà láàmú. Ní ìṣísẹ̀ kẹrin, èmi tí mo mú un wá gan-an ni ẹnu yà.

Kò_Sí_Wàhálà

"Tonton, ọba yín" 😭 Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn.

Tíṣà_Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ bá mi kí olùkọ́ rẹ̀.

Ọ̀ta_Mushin

Ní báyìí, ṣé o máa padà sí e4?

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Mo máa ta méjèèjì. e4 fún ìdíje títí ọdún fi máa parí, b4 fún ìrọ̀lẹ́ Ouando, títí n ó fi lè débi ìṣísẹ̀ kẹwàá láìwo ìwé. Ayò àkọ́kọ́ tí mo jẹ yẹn, èyí tí pańpẹ́ kankan ò sí nínú rẹ̀, ló dùn mọ́ mi jù. Ti oní zẹ́mì, mo ti gbàgbé rẹ̀. Òun ló ní kò gbàgbé.

Bàbá Kétu, ṣé ẹ lè bá mi ta ọ̀kan níbí? Kí ẹ mú dúdú. Ìṣísẹ̀ kan lójúmọ́, kò sí aago.

Ìdẹ́nà_Kétu

Ó yá. Mo mọ ohun tí o máa ta, kò sídìí láti kọ ọ́. e5.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Fb2.

Ìdẹ́nà_Kétu

Ọmọ ogun sí f6. N ò ní fún ọ ní e5 lónìí.

Ọ̀ta_Mushin

Haa! Ẹ ò kọ́ ọ ní èyí o, bàbá.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ fún mi dọ̀la.